Bí omi ṣe tán mọ́ mi lórí ní Valley of Fire

Ó ti lé ní ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń wa ọkọ̀ àjàgbé lójú ọ̀nà I-15, láti Los Angeles, kí n gba Las Vegas kọjá, kí n já sí Salt Lake City, kí n tún yíjú padà. Iye ìgbà tí mo ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó Exit 75 kò ṣeé kà mọ́. Orúkọ ọgbà kan ni wọ́n kọ sí i: Valley of Fire. Mo máa ń sọ fún ara mi pé àwọn ará ibí yìí, kò sí ohun tí wọn kì í fún lórúkọ ńlá. Láti ojú ọ̀nà, òkè aláwọ̀ eérú lásán ló ń wo èèyàn lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹrù wà lẹ́yìn mi, aago ń lé mi, mo á tẹ iná.

Ìyàwó mi ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ní ọkọ tó ń sùn sínú ọkọ̀ fún ogúnjọ́ lóṣù, kí ló dé tí kò lè kó ìyàwó àtọmọ lọ sùn sínú ọkọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta péré? Mo wá èsì títí, n kò rí. Bí a ṣe yá RV kan nìyẹn lóṣù kọkànlá, ọkọ̀ onílé tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 25. Ó ní ibùsùn méjì, sítóòfù, fíríìjì, àti ilé ìwẹ̀ kan tó jẹ́ pé bí mo bá fẹ́ fọ abíyá, àfi kí n ṣílẹ̀kùn.

Kí n má purọ́, ìgbéraga gùn mí lọ́jọ́ náà. Èmi tí mo ń wa ọkọ̀ tó gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 70 lọ, kí ni ọmọdé kan fẹ́ kọ́ mi lórí èyí? Ọ̀dọ́mọkùnrin tó kó kọ́kọ́rọ́ fún wa ń ṣàlàyé pé táńkì mẹ́ta ló wà lábẹ́ ọkọ̀: ọ̀kan fún omi tó mọ́, ọ̀kan fún omi ìwẹ̀ àti omi tí a fi fọ àwo, ọ̀kan fún ti ilé ìgbẹ́. Mò ń mi orí, ojú mi wà lára táyà. Ìgbà tó ní táńkì omi tó mọ́ ń gba gálọ́ọ̀nù 40 ni mo tó dá sí i. Mo ti ṣírò rẹ̀ kíá: gálọ́ọ̀nù kan wúwo ju páùn 8 lọ, ogójì rẹ̀ ju páùn 320. Awakọ̀ àjàgbé kì í ru ẹrù tí wọn ò sanwó rẹ̀ fún un. Mo ní kó bu ìdajì sí i, kí epo má baà jẹ mí lówó. Ó wò mí, ó bi mí pé ṣé aṣálẹ̀ kọ́ là ń lọ ni. Mo ní òun náà ni. Ó bu ìdajì.

Láti Las Vegas síbẹ̀, bíi máìlì 50 ni. Epo tí mo fi ọgbọ́n yẹn dá sí kò lè tó dọ́là méjì.

Lẹ́nu Exit 75, ilé ìtajà àwọn Paiute ti Moapa, ẹ̀yà kan lára àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, ló wà níbẹ̀. Wọ́n ń ta epo, wọ́n ń ta báńgà. A yà sọ́wọ́ ọ̀tún. Fún ìgbà díẹ̀, kò sí nǹkan kan bí kò ṣe igbó kúkúrú gbígbẹ àti òkúta wẹ́wẹ́, mo sì ti ń múra ọ̀rọ̀ tí màá fi sọ pé mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà wá gun òkè díẹ̀, ó ṣẹ́rí wálẹ̀, gbogbo ilẹ̀ iwájú wa sì pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Ó pọ́n bí ẹni pé wọ́n lọ osùn, wọ́n dà á lé òkè lórí. Àwọn ọmọ dákẹ́. Àwọn ọmọ mi kì í dákẹ́ nínú ọkọ̀.

Iyanrìn ni gbogbo òkúta yẹn tẹ́lẹ̀, òkìtì iyanrìn tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù 150 ọdún sẹ́yìn. Ó dì, ó di àpáta, irin tó wà nínú rẹ̀ sì dógùn-ún. Ohun tó sọ ọ́ di pupa kò ju ìyẹn lọ. Ìpẹtà tí mo máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha kúrò lára bọ́ńpà mi, òun náà làwọn èèyàn ń wọ bàálù wá wò. Ọdún 1935 ni wọ́n ti sọ ibẹ̀ di ọgbà ìpínlẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nevada.

Ibùdó méjì ló wà fún àwọn tó fẹ́ sùn. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Atlatl Rock ní àwọn ààyè tí a ti lè so ọkọ̀ mọ́ iná àti omi, ṣùgbọ́n ó ti kún nígbà tí a dé. A lọ sí ìkejì, Arch Rock. Kò sí wáyà níbẹ̀, kò sí họ́ọ̀sì, tábìlì kan lábẹ́ ìbòòrùn ni àti ibi ìdáná. Àpáta pupa tó ga ju ọkọ̀ wa lọ ká wa mọ́ lọ́tùn-ún lósì, ihò wà lára rẹ̀ káàkiri bí afárá oyin. Mo fi ẹ̀yìn wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bàbá arúgbó kan tó jókòó níwájú ọkọ̀ tirẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún mi. Inú mi dùn.

Ìdùnnú náà kò pẹ́. Ọmọ mi obìnrin gbé ọsàn kan sórí tábìlì inú ọkọ̀, ọsàn yí gbirigbiri, ó já sílẹ̀, ó yí lọ dé ẹsẹ̀ ìjókòó mi. Ilẹ̀ dagun. Fíríìjì tó ń lo gáàsì kì í sì í tutù dáadáa bí ọkọ̀ bá dagun. Èyí ni mo gbọ́ nínú àlàyé ọjọ́ yẹn. Mo ki pákó bọ abẹ́ táyà, mo gùn ún, a tún gbé ọsàn sílẹ̀. Ó yí sápá kejì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni kí ọsàn tó gbà láti jókòó jẹ́ẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì jẹ ẹ́ títí a fi padà sílé.

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni oòrùn wọ̀. Kó tó wọ̀, àpáta gbóná lójú bí ẹ̀yinná tí wọ́n ń fẹ́, lẹ́yìn náà ó di búráùn, lẹ́yìn náà ó di òjìji. Òtútù dé lójijì, a wọ súwẹ́tà lé súwẹ́tà, a jẹ ìrẹsì níta. Ìràwọ̀ pọ̀ débi pé ó ń dà mí láàmú, àyàfi apá ìwọ̀ oòrùn gúúsù níbi tí iná Las Vegas ti mú ojú ọ̀run mọ́ fìrìfìrì. Ìkookò kékeré ilẹ̀ yìí, coyote, ń ké níbì kan. Nínú ọkọ̀, gbogbo ìgbà tẹ́nìkan bá ṣí ẹ̀rọ omi ni ẹ̀rọ tó ń fà á á kùn rùùù. Àwọn ọmọ fọ eyín, rùùù. Wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n tún fọ ọwọ́, rùùù. Mò ń gbọ́ ọ, mi ò kà á sí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti fọ orí mi hó bí kànìnkànìn, ojú mi dì, ni ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́. Omi wálẹ̀ bí ìṣẹ́jú àáyá kan, ó dáwọ́ dúró.

Mo pariwo, "Ìyá Dàmọ́lá!"

"Kí ló dé?"

"Omi ti tán."

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Èwo nínú omi? Èyí tẹ́ ẹ ní kó má wúwo yẹn?"

Ó gba ẹnu ilẹ̀kùn na ike omi mímu kan sí mi, ó ní kí n fi ìyẹn ṣan ojú. Mo ń gbọ́ bí Dàmọ́lá ṣe ń rẹ́rìn-ín lórí ibùsùn rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá.

Omi wà nínú ibùdó, láti ẹnu ẹ̀rọ kan tí gbogbo wa jọ ń lò, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí wa. A ní kẹ́ẹ̀gì búlúù kan tó ń gba gálọ́ọ̀nù márùn-ún. Mo kọ́kọ́ gbé e lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìṣísẹ̀ mẹ́wàá mo sọ ọ́ kalẹ̀, mo pààrọ̀ ọwọ́, ó dà sí mi ní ṣòkòtò. Ìyàwó mi wò mí títí, ó fi táwẹ́ẹ̀lì ká òṣùká, ó ní kí n gbé e rù òun. Ó gba àárín ìlà àwọn ọkọ̀ yẹn kọjá, ọwọ́ rẹ̀ ń fì, omi ò kán. Ìyàwó bàbá tó pàtẹ́wọ́ fún mi níjọ́sí dìde dúró. Ó bi í pé ṣé ọrùn kò dùn ún. Ìyàwó mi dá a lóhùn pé ọrùn kọ́, ọkọ ni. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n di ọ̀rẹ́.

Ojú ihò táńkì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kò ṣeé da kẹ́ẹ̀gì sí. Mo gé orí ike omi tí mo fi ṣan ojú, mo sọ ọ́ di àrọ. Ìrìn mẹ́rin ni a rìn. Dàmọ́lá la fi ṣe olùṣọ́ iná kékeré tó ń sọ bí omi ṣe kù sí. Ìkà ni ọmọ yẹn. Bí mo bá ṣí ẹ̀rọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í kà sókè.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn la lọ sí Mouse's Tank. Inú iyanrìn pupa lèèyàn ń rìn láàárín ògiri àpáta méjì, àwòrán àwọn ará ìgbàanì sì wà lára ògiri. Àpáta ibẹ̀ máa ń yọ èèpo dúdú kan tó ń dán. Wọ́n fi òkúta ṣá èèpo yẹn kúrò kí ara àpáta tó mọ́ lè yọ: àgbò oníwo, ènìyàn, òbìrípo, ọwọ́. Mo gbé ọmọ mi obìnrin sókè kó lè rí ọ̀kan dáadáa. Ó na ìka, mo fà á padà, torí òróró ara èèyàn ń bà á jẹ́.

Níparí ọ̀nà, kòtò kan ni nínú àpáta, tí òjò máa ń kún, tí omi sì máa ń pẹ́ nínú rẹ̀. Ọkùnrin Paiute kan tí wọ́n ń pè ní Mouse ló sá pamọ́ síbẹ̀ láàárín ọdún 1890 sí 1899, kòtò náà sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Nílẹ̀ tó jẹ́ pé bíi ínǹṣì mẹ́rin òjò ló ń rọ̀ lọ́dún! Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Omi náà dúdú, ewé gbígbẹ kan léfòó lójú rẹ̀. Mo ń ṣírò iye gálọ́ọ̀nù tó máa wà níbẹ̀ nínú mi, mo rò pé ẹnu mi ò mì. Ìyàwó mi ní, "Ẹ má ṣírò ẹ̀ mọ́, Bàbá Dàmọ́lá. Kò wúwo."

Fire Wave la rí lọ́jọ́ kẹta, ìlà pupa àti ìlà funfun tó dagun lórí àpáta. Ìyàwó mi ní àlàárì àti sányán ni wọ́n hun pọ̀. Mi ò lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Elephant Rock kò jọ erin lójú mi, àfi téèyàn bá dúró síbi kan pàtó, kó tún fojú inú ràn án lọ́wọ́.

Kí a tó máa lọ, a ní láti da omi ìdọ̀tí nù níbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Lọ́tẹ̀ yìí mo lọ bá bàbá arúgbó, mo ní kó kọ́ mi. Ó ní ti ilé ìgbẹ́ ni kí n kọ́kọ́ ṣí, kí omi ìwẹ̀ lè fọ họ́ọ̀sì lẹ́yìn rẹ̀. Mo fetí sílẹ̀ débi pé mo ní kó tún un sọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo tún kọjá ní Exit 75 lóru, ẹrù wà lẹ́yìn mi. Dàmọ́lá pè mí, mo gbé e sí sípíkà. Ó ní kò sí nǹkan, òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá omi wà nínú ọkọ̀. Mo wẹ̀yìn. Kẹ́ẹ̀gì búlúù náà wà lẹ́yìn ìjókòó, mo fi okùn dè é, ó kún dé ẹnu.