Ọ̀bẹ Àpò àti Ọ̀bẹ Igbó: Ohun Tí Mo Ń Wò Kí N Tó Rà

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá ọ̀bẹ rà, irin tí wọ́n fi rọ ọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń bèèrè. Èmi, ẹ̀yìn ọ̀bẹ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn tó mílímítà 5 máa ń wu ojú, àmọ́ tí ẹ bá fi gé páálí, ńṣe ni yóò máa há. Kí ni a tiẹ̀ ń gé lójoojúmọ́? Okùn, ọ̀rá, páálí, èso, igi wẹ́wẹ́. Ọ̀bẹ fẹ́lẹ́, tí kò ju mílímítà 2 sí 3 lọ lẹ́yìn, ń ṣe gbogbo ìyẹn wọ́ọ́rọ́wọ́. Àbí ogun lẹ fẹ́ fi lọ jà ni?

Fún àpò, èyí tó ń ká wọ inú èèkù ni, tí irin rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 6 sí 9. Mo fẹ́ràn Opinel, tí wọ́n ti ń ṣe ní Faransé láti 1890. Igi ni èèkù rẹ̀, irin rẹ̀ fẹ́lẹ́. Láti 1955 ni wọ́n ti ń fi òrùka sí ọrùn àwọn tó tóbi díẹ̀. Tí ẹ bá ti yí i, ọ̀bẹ ò lè ká lé yín níka. Àléébù rẹ̀ ni pé bí omi bá wọ igi yẹn, á wú, ọ̀bẹ á sì ṣòro ṣí. Ọ̀bẹ Victorinox kékeré, tó ń ká, náà dáa fún ẹni tó bá nílò síkọ́sì àti ìṣígò lára ọ̀bẹ, àmọ́ púpọ̀ nínú wọn ò ní ohun tó ń ti irin mọ́lẹ̀, nítorí náà ẹ má fi wọ́n gún nǹkan.

Nígbó, mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀bẹ tó ń ká. Oríkèé rẹ̀ ni ibi tí agbára rẹ̀ kéré sí jù, ibẹ̀ náà sì ni iyanrìn àti ẹrẹ̀ ń há sí. Èyí tí kì í ká, tí àkọ̀ rẹ̀ dì í mú dáadáa, ni mo ń so mọ́ ìgbànú. Ọ̀bẹ Morakniv láti Sweden tó mi í lò. Ẹni tó bá fẹ́ la igi ńlá, kó mú àáké.

Èèkù wá ńkọ́? Àwọn àgbà kúkú ti ní bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Ẹ fi ọwọ́ tútù dì í mú, kí ẹ fi gbẹ́ igi fúngbà díẹ̀. Ibi tó bá ń gún àtẹ́lẹwọ́ ni ìléròrò yóò ti yọ.

Irin carbon rọrùn láti pọ́n, ó sì ń tètè dógùn-ún. Irin stainless kì í tètè dógùn-ún, torí èròjà chromium tó wà nínú rẹ̀. Òun ni kí ẹni tó ń lọ sétí òkun mú. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Pípọ́n gan-an ni iṣẹ́. Ẹ gbé ojú ọ̀bẹ sábẹ́ iná, kí ẹ wò ó tààrà. Ojú tó mú kì í hàn. Ibi tó bá ti kú yóò máa dán bí ìlà funfun tín-ín-rín. Ẹ tẹ́ ẹ lé òkúta ìpọ́nbẹ, kí ẹ̀yìn rẹ̀ gbé sókè ní dígírì 15 sí 20, kí ẹ sì máa tì í síwájú bí ẹni fẹ́ bẹ èèpo fẹ́lẹ́ lára òkúta náà. Ẹ máa ṣe é lọ títí irin ṣákaṣàka kan yóò fi yọ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Láti ẹ̀yìn bọ̀ sí ojú ni kí ẹ ti fi àtàǹpàkò wá a, ẹ má ṣe fi ìka rìn gba gígùn ojú ọ̀bẹ o! Tó bá ti yọ, ẹ yí i padà, kí ẹ ṣe ẹ̀gbẹ́ kejì náà, kí ẹ wá fà á sẹ́yìn lórí awọ kí ṣákaṣàka yẹn lè bọ́. Ọ̀bẹ tó kú ló ń tètè ṣeni léṣe, torí tipátipá lèèyàn fi ń tì í, ibẹ̀ ló sì ti ń yọ̀.

Ẹ wádìí òfin ibi tí ẹ ń lọ kí ẹ tó fi sápò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ lè mú ọ̀bẹ kíká tí kò ní ìtì (ohun tó ń ti irin rẹ̀ kó má lè ká), tí ojú rẹ̀ ò ju íńṣì 3 lọ, kiri láìsí àlàyé; èyí tó ní ìtì, bíi Opinel olórùka, ẹ gbọ́dọ̀ ní ìdí gidi. Tí ẹ bá sì fẹ́ wọ bàálù, inú ẹrù tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín ni kí ọ̀bẹ wà, kì í ṣe inú báàgì ọwọ́.