Ọjọ́ tí bẹ́ǹṣì kọ́ wa ní Basic Science

Táì pupa kan ló gbé mi gun ẹṣin aáyán. Ọdún 2016 ni, mo wà ní ọdún kẹta NCE, ìwé ẹ̀rí àwọn tíṣà, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pín wa lọ TP, ìyẹn lílọ fi iṣẹ́ tíṣà dánra wò nílé-ìwé. Ẹni tó bá ṣe NCE mọ̀ pé TP kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré: yúníìtì 6 ni, ẹni tó bá sì fìdí rẹmi níbẹ̀, ìwé ẹ̀rí di ọjọ́ mìíràn. Ilé-ìwé girama kan nílùú Ọ̀yọ́ ni orúkọ mi bọ́ sí. Ẹ̀gbọ́n mi yá mi ní táì náà. N kò mọ̀ ọ́n so, nítorí náà ó ti bá mi so ó láti alẹ́ Sunday, mo sì fi í kọ́ ìṣó bí okùn àgbò Iléyá. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo kan ki orí bọ̀ ọ́ ni, mo fà á le, mo wo dígí. Tíṣà dé!

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, a kò tíì ní kọ́ ẹnikẹ́ni. A ó kàn jókòó sẹ́yìn kíláàsì, ká máa wo bí àwọn àgbà tíṣà ṣe ń ṣe é, ká sì dáhùn ìbéèrè inú fọ́ọ̀mù tí kọ́lẹ́ẹ̀jì kó fún wa. Ṣé ohùn tíṣà dé ẹ̀yìn? Ohun èlò ìkọ́ni wo ló lò? Ṣé ó ń pe àwọn ọmọ lórúkọ? Ojú ewé mẹ́rin irú ìyẹn.

JSS 2 ni wọ́n ní kí n lọ. Ìyá àgbàlagbà kan tí gbogbo ilé-ìwé ń pè ní Mọ̀mí ló ń kọ́ wọn ní Basic Science. Ní ti ohùn, ohùn Mọ̀mí dé ẹ̀yìn, ó tún dé ọjà Akẹ̀sán. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn, táì mi gbá eruku ilẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ TP, wá ibì kan jókòó sí lẹ́yìn yẹn, má wulẹ̀ dí mi lọ́wọ́."

Mo dé ẹ̀yìn. Bẹ́ǹṣì gígùn kan wà níbẹ̀. Ó jọ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán rí, tẹ́nì kan wá kàn án padà, àmọ́ dípò etí pákó, ibi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àárín ló kàn án mọ́. Ọmọkùnrin mẹ́rin fún ara wọn pọ̀ sí apá òsì bí adìyẹ tí òjò pa. Apá ọ̀tún ṣófo gbalasa. Ẹni tí orí rẹ̀ pé ì bá ti bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí ọmọ mẹ́rin ń jìyà nígbà tí àyè wà. Èmi ní tèmi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo jókòó sí etí pátápátá, mo na ẹsẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn, tí eyín iwájú rẹ̀ kán, wò mí. "Áńkù, ẹ sún mọ́bí."

Mo mọ̀ wọ́n. Ó fẹ́ yẹ fóònù mi wò ni. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Áńkù, mo ní kẹ́ ẹ sún..."

"Kọjú síwájú!" Mo ti fi ohùn yẹn dánra wò níwájú dígí láti ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ náà kọjú síwájú.

Lífà, ìyẹn ọ̀pá tá a fi ń gbé ẹrù, ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà. Mọ̀mí fa ìlà sójú pátákó, wọ́n ya igun mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ẹrù tá a fẹ́ gbé ni load, agbára tá a fi gbé e ni effort, ibi tí gbogbo rẹ̀ fara tì ni fulcrum. Ti àlùmọ́gàjí, fulcrum ló wà láàárín. Ti báárò àwọn bíríkìlà, ẹrù ni. Wọ́n wá ní ọmọ tó wọn kílò 20, tó jìnnà sí fulcrum ní mítà 2, á gbé ẹni kílò 40 tó wà ní mítà 1 dúró. Mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù: "Àlàyé yé ni yékéyéké."

Àfi bí pírínsípà ṣe yọ lẹ́nu ọ̀nà.

Gbogbo kíláàsì fò dìde. "Gúùdù mọ́..."

Èmi ro ó. Ṣé kí n dìde ni? Akẹ́kọ̀ọ́ ló ń dìde. Ṣé akẹ́kọ̀ọ́ ń so táì pupa? Mo pinnu pé kí n jókòó, kí n kàn mi orí sí ọ̀gá bí òṣìṣẹ́ sí òṣìṣẹ́.

N kò tíì mi orí náà tán tí orí fi kọ́kọ́ balẹ̀. Apá òsì bẹ́ǹṣì ròkè lálá, tèmi lọlẹ̀ gbì! Bí mo ṣe wà ní gbalaja nílẹ̀, àpò àwọn ọmọ tó wà lórí pákó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ bọ̀ wá bá mi lọ́kọ̀ọ̀kan, bí iyanrìn ṣe ń já látinú típà. Ìgò sóbò ló kẹ́yìn. Ìdérí rẹ̀ kò le. Mo fẹ́ dìde, ọrùn kọ̀: ìrù táì ti há sábẹ́ pákó.

"Ta nìyẹn?" Pírínsípà ló ń bèèrè.

"Ọmọ TP ni, sà." Mọ̀mí kò tilẹ̀ gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wò ó dáadáa kó tó dìde. Níbo ni load wà?"

"Áńkùùù!"

"Fulcrum ńkọ́?"

Gbogbo ìka nà sí ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì.

"Effort?"

Eléyín kíkán nawọ́. "Àwa ni, mà. A ti dìde."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Òun náà ló bá mi gbé pákó sókè. Bó ṣe ń fa táì mi yọ, ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́ sí mi létí: "Mo ní kẹ́ ẹ sún mọ́bí."

Títí mo fi parí TP, Áńkù Load ni wọ́n ń pè mí. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu géètì pàápàá gbọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo jókòó sí sítááfù-rúùmù pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tó ti di aró, táì náà sì wà lọ́rùn mi síbẹ̀, torí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n so kò mọ̀ ọ́n tú. Ó ku ìbéèrè méjì nínú fọ́ọ̀mù. Ohun èlò ìkọ́ni wo ni tíṣà lò? Súpáfáísọ̀ wa kì í fẹ́ rí àlàfo. Mo ronú títí, mo kọ ọ́: "Bẹ́ǹṣì 1, ọmọ 4, èmi."

Ǹjẹ́ ó jẹ́ kí ẹ̀kọ́ yé àwọn ọmọ?

Mo kọ ọ́: "Gidi gan-an."