Awọ ara ni tapeworm fi ń mọ ibi tó wà

Ohun tí wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa nípa tapeworm ní báyọ́lọ́jì ò ju ìlà kan méjì lọ: kò lẹ́nu, kò ní ìfun, kò lójú, kò létí, ó kàn so mọ́ inú ìfun ẹlòmíì ó ń fa oúnjẹ. Ti ẹnu àti ìfun yẹn, òótọ́ ni, awọ ara ló fi ń jẹun. Àmọ́ kéèyàn wá tìtorí ẹ̀ sọ pé aràn yìí ò mọ nǹkan kan, pé ó ti sọ gbogbo ìmọ̀lára ẹ̀ nù torí pé ó ń jẹ lára ẹlòmíì, mi ò gbà o, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká wo awọ yẹn fúnra ẹ̀. Kì í ṣe irú tiwa tí sẹ́ẹ̀lì tò sínú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, odindi kan tó so pọ̀ ni, kò sí ààlà kankan láàárín, àwọn nucleus ẹ̀, ìyẹn ohun tó ń darí sẹ́ẹ̀lì, wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Òkè ẹ̀ kún fún irun wínníwínní tí wọ́n ń pè ní microtriches, àwọn yẹn ló ń jẹ́ kí ibi tó fi ń fa oúnjẹ fẹ̀ sí i. Àárín irun wọ̀nyí làwọn receptor, ìyẹn àwọn ohun tó fi ń mọ nǹkan lára, wà, ìdí nìyẹn tó fi ṣòroó rí wọn. Cilium, ìyẹn irun tín-ín-rín tó yọ lórí wọn, ò fi bẹ́ẹ̀ ju 0.25 micrometre lọ ní fífẹ̀ (ẹgbẹ̀rún micrometre ló wà nínú mìlímítà kan), bẹ́ẹ̀ máíkírósíkóòpù tó ń lo ìmọ́lẹ̀ tá a mọ̀ ò lè ya nǹkan méjì tí àlàfo wọn ò tó 0.2 micrometre sọ́tọ̀. Àfi electron microscope, tó ń lo electron dípò ìmọ́lẹ̀, èyí tí Ernst Ruska àti Max Knoll bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 1931, kí wọ́n sì fi ọ̀bẹ gíláàsì tàbí ti dáyámọ́ǹdì gé aràn náà pẹlẹbẹ tí kò ní tó 0.1 micrometre.

Ohun tó wá hàn níbẹ̀ yà mí lẹ́nu gan-an. Ara sẹ́ẹ̀lì tó ni receptor náà wà nísàlẹ̀ awọ, ó wá na apá kan gba inú awọ kọjá, orí apá náà wú bíi gílóòbù kékeré, mitochondria tó ń pèsè agbára wà nínú ẹ̀, òrùka dúdú sì yí i ká. Bí púlọ́ńbà bá gba páìpù kọjá lára táǹkì, ó gbọ́dọ̀ dí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ pa kí omi má báa jò, aràn náà ṣe bẹ́ẹ̀, ìsopọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní septate junction ló so gílóòbù yẹn mọ́ awọ pinpin. Cilium wá dúró lórí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gé e ní ìbú, ẹ máa rí ọ̀pá tín-ín-rín méjì-méjì lọ́nà mẹ́sàn-án tó tò yípo, nínú ọ̀pọ̀ wọn méjì á tún wà láàárín. Microtriches ò ní irú ẹ̀, ibẹ̀ la ti ń dá wọn mọ̀. Àwọn kan ní gbòǹgbò nísàlẹ̀ cilium, àwọn kan ò ní, àwọn míì ò tiẹ̀ ní cilium rárá. Ìrísí yìí làwọn onímọ̀ ń wò láti sọ pé èyí jọ ti ìfọwọ́kàn, èyí jọ ti ìtọ́wò.

Ẹ wá wo Hymenolepis diminuta, tapeworm inú eku. Ohun ìfàmọ́ mẹ́rin ló ní lórí, kò ní ìkọ́. Tí eku bá jẹun, aràn yìí á gòkè nínú ìfun lọ sápá àpòlúkù, tó bá yá á tún padà sísàlẹ̀, bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn, tí wọ́n bá sì yí àkókò oúnjẹ eku náà padà, òun náà á yí tiẹ̀ padà. Kò ní ojú tó fi máa mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú o. Orí ẹ̀ yẹn náà ni ọpọlọ ẹ̀ wà, ìdì nerve (iṣan ìmọ̀lára) méjì tó so mọ́ra, okùn nerve sì ti ibẹ̀ gùn dé ìdí ẹ̀.