Ilẹ̀ àti Omi nínú Ewì Níyì Ọ̀ṣúndáre

Nínú gbogbo ìwé ewì Ọ̀jọ̀gbọ́n Níyì Ọ̀ṣúndáre, The Eye of the Earth, tí ó gba ẹ̀bùn ewì Commonwealth ní ọdún 1986, ni mo máa ń padà sí jù, nítorí pé ẹni tí kò ṣe oko rí kò lè kọ irú rẹ̀. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni a bí wọn sí ní ọdún 1947. Àgbẹ̀ ni bàbá wọn, ìyá wọn a sì máa hun aṣọ. Nínú ewì kan níbẹ̀, wọ́n mú wa dé oko tí iṣu ti ń jọba nígbà kan, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń bèèrè ibi tí àwọn irè oko wọ̀nyẹn wọlẹ̀ sí, tí wọ́n ń ka oríṣi ẹ̀wà bíi pàkálà àti òtíìlí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ó bá bàbá rẹ̀ kórè wọn ni ó lè mọ èyí tí ó ti di àwátì. Kódà nígbà tí wọ́n kọ̀wé nípa àpáta Olósùnta, tí àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ ń bọ, ohun tí ó jẹ wọ́n lógún ni ẹni tí yóò jẹ àǹfààní wúrà inú rẹ̀, kí ó má baà jẹ́ àwọn ìjòyè olórí òfìfo.

Òjò ni ohun ìrètí inú ìwé náà. Akéwì ń bẹ ojú ọ̀run tí ó wú bí eéwo pé kí ó bẹ́, kí ara lè tu ilẹ̀.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2005, omi wá bá wọn nílé ní New Orleans, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní yunifásítì. Nígbà tí ìjì Katrina jà, tí àwọn odi tí ó yẹ kí ó dá omi dúró ya, àwọn àti ìyàwó wọn sá gun òkè àjà, wákàtí 26 ni wọ́n sì lò níbẹ̀ kí aládùúgbò kan tó fi ọkọ̀ ojú omi gbà wọ́n là. Ìwé àti iṣẹ́ àfọwọ́kọ wọn bá omi lọ. City Without People, tí ó jáde ní ọdún 2011, ni wọ́n fi sọ ìtàn náà. Lójú tèmi, kò dùn létí tó ti àkọ́kọ́, ìlù inú rẹ̀ kò dún ketekete. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn pé wọn kò sọ omi di ọ̀tá, tí wọ́n sì fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí ó ràn wọ́n lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n tún gbé ìwé Green jáde ní ọdún 2021, àìsàn ilé ayé yìí kan náà ni wọ́n ṣì ń kédàárò rẹ̀.