Egungun mẹ́jọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, síbẹ̀ mi ò tíì gbàgbé ọjọ́ tí wọ́n lẹ èsì ìdánwò Anatomy, ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara, mọ́ pátákó ní ọdún kejì mi ní fásitì. Ìsàlẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá nọ́ńbà mi, torí ọkàn mi ti sọ fún mi. 38 ni mo gbà. Ní ẹ̀ka mìíràn, ẹni tó bá ní 40 tàbí 45 ti yege. Lọ́dọ̀ wa, 50 ni ààlà, kò sì sí ẹ̀bẹ̀. Egungun 206 ló wà lára àgbàlagbà. Àwọn ńláńlá ò yọ mí lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Àwọn mẹ́jọ wẹ́wẹ́ tó wà ní ọrùn ọwọ́, scaphoid, lunate àtàwọn ẹgbẹ́ wọn, ni wọ́n gbé mi ṣubú.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni mi ò fẹ́ kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ṣe. Mo fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Èlùbọ́ ni màámi ń tà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì sí ìsọ̀ tí wọn ò ti mọ̀ pé ọmọ ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní fásitì aládàáni. Ẹni tí wọ́n ti ń pè ní "Nọ́ọ̀sì wa" kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹnu wo ló fẹ́ fi sọ pé òun gba 38? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún kíláàsì. Mò ń kàwé mọ́jú, mò ń sùn lọ́sàn-án, ohun tí mo kà ò sì dúró.

Mi ò mọ̀ pé àkókò ni mò ń fi ṣòfò. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà ti ka iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan lè gbà. Wọ́n á wá kọ orúkọ àwọn yẹn sínú ìwé wọn, indexing là ń pè é. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò bá wọ ìwé wọn kò lè jókòó ṣe ìdánwò wọn ní ìparí, ìdánwò yẹn la sì fi ń gba ìwé àṣẹ iṣẹ́. Ẹni tó bá kùnà lọ́dún kejì, wọ́n lè ní kó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tó já fáfá jù mí lọ.

Ilé-ìwé kékeré kò níbi tí èèyàn lè sá sí. Àwa 43 la wà ní kíláàsì. Tí àga kan bá ṣófo, ó hàn. Mà tó ń bójú tó wa rán captain wá mi wá sí họ́sítẹ́ẹ̀lì. Mo dé ọ́fíìsì wọn, mo kúnlẹ̀, mo ti ń wá irọ́ tí mo máa pa. Wọn ò tiẹ̀ bi mí pé kí ló dé.

"Fa àga yẹn, jókòó. Na ọwọ́ rẹ. Níbo ni radius wà?"

Mo fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ọmọńdinrín.

"Rárá o. Ọ̀dọ̀ àtàǹpàkò ló wà. Di apá rẹ mú, kó o wá yí àtẹ́lẹwọ́ padà. Ṣé o rí bó ṣe ń yí gba orí egungun apá kejì kọjá?"

Mo rí i. Fọ́tò Kofoworola Abẹ́ní Pratt wà lára ògiri lẹ́yìn wọn, ẹni tó kọ́ṣẹ́ ní St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn ogun, tó padà di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ matron ní ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn. Mà rí ibi tí ojú mi wà. "Ìyẹn ti ṣe tíṣà, ó ti wà nílé ọkọ, kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìwọ tó o ò tíì pé ogún ọdún lo wá ń sunkún."

Láti ọjọ́ yẹn, àwa mẹ́rin máa ń pàdé lọ́sàn-án Sunday. A ń fi báírò ya egungun sára apá ara wa, a sì gbé orúkọ àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sórí orin ìpàtẹ́wọ́ ọmọdé. Nígbà tí mo tún ìdánwò náà ṣe, 61 ni mo gbà. Tẹ́ ẹ bá kùnà, ẹ mú ìwé ìdánwò yín lọ bá ẹni tó kọ́ yín, kẹ́ ẹ bi wọ́n níbi tẹ́ ẹ ti ṣìnà. "Ẹ ṣàánú mi, mà" ò kọ́ni ní nǹkan kan.

Ọ́fíìsì ìgbaninímọ̀ràn náà wà o, wọ́n tiẹ̀ fi polówó ilé-ìwé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bá àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà.

Ti owó ilé-ìwé, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ dìde nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Ẹ tètè kọ lẹ́tà lọ sí bursary, ọ́fíìsì tó ń gba owó ilé-ìwé, kẹ́ ẹ sọ iye tó wà nílẹ̀ àti ọjọ́ tí ìyókù máa dé. Ọjọ́ ọjà ni màámi fi ń ka tiwọn.

Ikú ni ẹnikẹ́ni ò múra mi sílẹ̀ fún. Ní posting mi àkọ́kọ́, ìyẹn ìgbà tí wọ́n rán wa lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, bàbá àgbàlagbà kan wà tó ń pè mí ní "dókítà mi" bí mo ṣe ń ṣàtúnṣe tó. Ojú mi ni wọ́n ṣe kú, láàárọ̀ ọjọ́ Wednesday kan. Mo dúró gbagidi. Sístà tó ni wọ́ọ̀dù na ìbọ̀wọ́ sí mi, wọ́n ní, "Wá ká wẹ̀ wọ́n." Bá a ṣe ń wẹ̀ wọ́n ni Sístà ń bá wọn sọ̀rọ̀: "Bàbá, a fẹ́ yí yín sápá ọ̀tún o. Ẹ má bínú, omi yìí tutù díẹ̀." Lẹ́yìn náà ni wọ́n ra búrẹ́dì fún mi, tí wọ́n jókòó tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Tó bá kan ẹ̀yin náà, ẹ má gbé e wọ bọ́ọ̀sì padà sí họ́sítẹ́ẹ̀lì láì sọ fún ẹnì kan.

Mo fẹ́ẹ́ gbàgbé ti màámi. Ọjọ́ tí Mà ránṣẹ́ pè mí yẹn, wọn ò jẹ́ kí n jáde láì pe ilé. Ariwo ọjà ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí àyà mi má bàa já. Màámi dákẹ́ díẹ̀.

"Nínú gbogbo egungun ara, mẹ́jọ lo ò mọ̀?"

"Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, Màámi. Àwọn mẹ́jọ yẹn ló kàn burú jù."

"Ó dáa. Tó o bá ti mọ ọ̀kan, pè mí, kó o dárúkọ rẹ̀ fún mi."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe é. Lọ́jọ́ tí mo ka àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pé, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún oníbàárà kan pé, "Ẹ dúró ná, ọmọ mi ń ka egungun," wọ́n sì ní kí n tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀.