Odò Inú Àpótí: Àkọsílẹ̀ Ọ̀sẹ̀ Kẹfà

Àpótí pákó tí mo kàn sí ẹ̀yìnkùlé, tí mo tẹ́ ọ̀rá sí nínú kí n tó da iyanrìn kún un, gùn tó mítà 2. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ojú odò kan ṣoṣo ni mo máa ń fi ọwọ́ fà fún omi, ṣùgbọ́n kí wákàtí kan tó pé, bèbè á ti ya, odò á ti fẹ̀, iyanrìn á sì ti gòkè láàárín rẹ̀ bí erékùṣù, tí ẹ̀ka mẹ́rin tàbí márùn-ún á máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Iyanrìn lásán kò ní ohun tó dì í mú.

Ohun tí àwọn onímọ̀ méjì, Michal Tal àti Chris Paola, ṣe ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2007, ni mo fẹ́ fi ojú ara mi rí: wọ́n fọ́n irúgbìn alfalfa, ewéko kan tí wọ́n fi ń bọ́ ẹran ọ̀sìn, sí irú odò oníyanrìn bẹ́ẹ̀, ẹ̀ka rẹ̀ sì para pọ̀ di ẹyọ kan. Tẹ̀tẹ̀ ni èmi fọ́n, nítorí pé èso rẹ̀ kéré, ó sì tètè ń hù.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo kánjú tú omi ńlá ní ọjọ́ kẹrin tí mo fọ́n tẹ̀tẹ̀, gbogbo tẹ̀tẹ̀ náà sì wọ́ lọ nítorí pé gbòǹgbò kò tíì wọlẹ̀. Ó dùn mí gan-an, ṣùgbọ́n ó yé mi wàyí pé ìgbà tí omi bá fà ni ewéko ń ráyè. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní odò Platte ní ìpínlẹ̀ Nebraska, Amẹ́ríkà: dáàmù tí wọ́n kọ́ sí òkè odò dín ìkún omi kù, igi cottonwood àti willow hù sórí iyanrìn, odò tó fẹ̀ rẹrẹ sì sún kì.

Lẹ́yìn tí mo tún fọ́n òmíràn, mo jẹ́ kí omi rọra ṣàn fún ọjọ́ mẹ́wàá kí n tó tú omi ńlá. Lónìí, ẹ̀ka méjì ti dí, nítorí pé tẹ̀tẹ̀ inú wọn ń fa omi sẹ́yìn, omi tí kò sì yára kò lè gbé iyanrìn. Ibẹ̀ ló ń sọ ọ́ kalẹ̀ sí. Omi tí ì bá gba ibẹ̀ ti ya sínú ẹ̀ka tó jinlẹ̀ jù, tí rúlà mi fi hàn pé ó ti kúrò ní mìlímítà 6, ó ti di 15. Ní igun apá òsì, gbòǹgbò funfun yọ síta bí òwú, iyanrìn sì so mọ́ ọn. Bèbè náà ṣì ń jẹ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n iyanrìn ń gbá jọ sí òdìkejì, odò sì ń yí láìfẹ̀ sí i. Mo jókòó ti igun yìí títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá fa tẹ̀tẹ̀ apá òsì tu, màá sì fi ti apá ọ̀tún sílẹ̀.