Ta Ló Ń Rìn? Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nípa Ìhun Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní yunifásítì, nígbà tí mo wà ní ọdún kejì, mo kọ ọ́ sínú àròkọ kan pé "Walking home from the library, the rain beat me." Olùkọ́ mi kò fagi lé e, ó kàn fi báírò pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Ta ló ń rìn?"

Inú bí mi díẹ̀, àfi ìgbà tí mo tún un kà tí mo rí i pé òjò ni mo ní ó ń rìn bọ̀ láti ilé ìkàwé. "Walking" kò ní olùwà tirẹ̀ níbẹ̀. Olùwà olórí awẹ́ gbólóhùn tó tẹ̀lé e ló ń yá lò, "the rain" sì ni ìyẹn. Yorùbá kì í sábà kó wa sínú irú rẹ̀, nítorí pé "Bí mo ṣe ń rìn bọ̀ wálé ni òjò pa mí" ti dárúkọ ẹni tó ń rìn àti ohun tó pa á. Inú "òjò pa mí" yìí náà ni mo ti gbé "beat" wá. Gẹ̀ẹ́sì a máa fi ẹni tí òjò pa ṣe olùwà: "Walking home from the library, I was caught in the rain." Àṣìṣe méjèèjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Láti ìgbà náà, n kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láì wá olùwà ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan kàn. Inú gbólóhùn gígùn ni ó ti wúlò jù: "The list of students who have paid their fees are on the board." "Students" àti "fees" ló tan etí jẹ, bẹ́ẹ̀ "list" ni olùwà "are", ẹyọ kan ṣoṣo sì ni. Èdè wa kò fi èyí mọ́ wa lára, nítorí "wà" kan náà là ń lò fún ìwé kan àti fún igba ìwé. Ẹ fi ọwọ́ bo gbogbo ohun tó wà láàárín, kí ẹ wá ka "The list are" sókè. Etí yín ni yóò kọ́kọ́ kọ̀ ọ́.

Èmi náà ṣe àṣejù rí: bí mo ti yí "are" sí "is", mo yí "have" sí "has" pẹ̀lú. "Students" ni "who" dúró fún, kì í ṣe "list". "Have" kò ṣẹ̀ rárá.